Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìlú wa: ẹ má bo àárín agbo

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ìkọ́lé,
Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa,
Ilẹ̀ Ìjùmú, Ìpínlẹ̀ Kogí.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi gbogbo, òkun o. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Lọ́kọ́ja níbí. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìfaradà ẹnu àwa tá a wà lẹ́yìn odi.

Àwòrán ilé tí ẹ fẹ́ kọ́ fún ọdún ìbílẹ̀, ìgbéyàwó, ìwúyè àti ìpàdé ìlú ti dé orí fóònù mi bó ti dé orí ti gbogbo ọmọ ìlú. Káfíńtà òrùlé ni mí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà mi ò lè rí àwòrán ilé kí n máà yẹ̀ ẹ́ wò. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Mo lè pe Alága lórí fóònù kí n sọ tẹnu mi, ṣùgbọ́n owó gbogbo wa ni, ó sì yẹ kí ẹni tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi rí ohun tí mo sọ, kó lè dá mi lóhùn kí kọnkéré tó gan.

Ohun tó wà nínú àwòrán náà ni gbọ̀ngàn kan tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní mítà 15, tí búlọ́ọ̀kù yí i ká, tó ní fèrèsé onígíláàsì àti ilẹ̀kùn irin, pèpéle wà ní ìparí kan, àga sì tò kọjú sí i. Fún ìpàdé òṣèlú tàbí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: nínú gbogbo ohun tá a sọ pé a fẹ́ máa ṣe níbẹ̀, mélòó ló jẹ́ pé ojú gbogbo ènìyàn máa ń wà síbì kan ṣoṣo?

Bí onílù bá ti fọwọ́ kan ìlù nílùú wa, ẹ wo ohun tí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn máa ń ṣe. Ẹnikẹ́ni kì í pàṣẹ fún wọn. Wọ́n á kàn yí ká ni. Àwọn obìnrin tó ń lé orin á dúró sápá kan, àwọn tó ń gbè é á wà ní òdìkejì. Ẹni tó fẹ́ jó á bọ́ sínú agbo, ẹni tó fẹ́ náwó á tẹ̀ lé e wọlé. Ọmọdé á gba abẹ́ apá àgbà yọrí. Ẹni tó ń wòran nísinsìnyí ló máa jó láìpẹ́, ẹni tó jó tán á padà di òǹwòran. Pèpéle kò mọ irú eré yìí. Pèpéle máa ń pín ènìyàn sí méjì ni: àwọn díẹ̀ tó ń ṣeré, àti ọ̀pọ̀ tó jókòó tó ń wo ìpàkọ́ ara wọn. Àwọn ìyá wa tó mọ orin ò ní gun pèpéle lọ gba máíìkì. Wọ́n á jókòó, wọ́n á panu mọ́, àwa á sì lọ háyà díjè.

Ní àwọn ìlú tí mo ti bá wọn kan òrùlé, mo ti rí bó ṣe máa ń lọ. Wọ́n á parí gbọ̀ngàn, wọ́n á ṣí i tìlù tìfọn, ọdún ìbílẹ̀ àkọ́kọ́ á dé, wọ́n á wá lọ háyà kánópì wá ta síwájú gbọ̀ngàn! Ìdí ni pé inú rẹ̀ gbóná, ìlù sì ń di ariwo nínú rẹ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi onílù. Ohùn máa ń rìn tó nǹkan bí mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ògiri méjì tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ dán bá fi mítà 20 jìnnà síra, ohùn agogo lè lọ kó sì bọ̀ ní ìgbà mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn, kí èyí tó kú, onílù ti lu òmíràn. Ẹni tó ń kéde ò ní gbọ́ ara rẹ̀, á ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ sókè sí i, ẹ̀rọ á tún fi kún un. Níbi tí ẹ̀gbẹ́ bá ti ṣí sílẹ̀, ohùn tó bá lọ kì í padà wá. Bó pẹ́ bó yá, gbọ̀ngàn á di ibi tí wọ́n ń kó àga rọ́bà sí.

Àbá mi rèé. Ẹ jẹ́ ká kọ́ àtíbàbà onípáànù mẹ́rin tó so mọ́ra, kí wọ́n yí àgbàlá kan ká, kí àgbàlá náà wà láìní òrùlé rárá. Àgbàlá yẹn á jẹ́ mítà 10 níbùú àti lóòró, àtíbàbà kọ̀ọ̀kan á jìn ní mítà 5, gbogbo rẹ̀ láti etí kan dé èkejì á jẹ́ mítà 20 sí mítà 20. Àwọn àgbà tó gbé agbo ilé alágbàlá rí ní ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun tí mò ń sọ, níbi tí iyàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti yí ká, tí òjò àti oòrùn ń wọ àárín. Eré ń lọ ní àgbàlá, àwọn tó ń wòran wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ̀nà ìrìn àti ilé ìkẹ́rù kúrò, àyè tó kù lábẹ́ àtíbàbà á gba nǹkan bí ènìyàn 250 lórí àga, láìka àwọn tó máa dúró. Bí ẹ bá sì gbé ìdajì ẹ̀yìn ilẹ̀ àtíbàbà náà sókè ní sẹ̀ǹtímítà 30 ju iwájú lọ, ẹni tó jókòó lẹ́yìn á rí ẹsẹ̀ oníjó. Ẹsẹ̀ oníjó ni èmi ń bá lọ síbi eré, ẹ má bínú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ ni káfíńtà ti mọ̀ jù. Mítà 15 tí gbọ̀ngàn yín fẹ̀ jẹ́ fíìtì 49. Pákó tí wọ́n ń là fún wa ní sọ́míìlì, fíìtì 12 ni. Kí pákó fíìtì 12 tó kọjá àlàfo fíìtì 49 láìsí òpó lábẹ́, àfi ká so ó pọ̀ ní ojúko tí kò lóǹkà, tàbí ká lọ bá wẹ́dà kó jó irin ńlá pọ̀, ká wá ọkọ̀ tó máa gbé e gba ojú ọ̀nà wa yìí, ká tún wá ohun tó máa gbé e gorí ògiri. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìlú máa ń kú sí. Ògiri á dúró, òrùlé ò ní dé, ìgbìmọ̀ kan á lọ, òmíràn á wọlé, wọ́n á máa ka ẹ̀sùn síra wọn lọ́rùn, koríko á sì máa hù nínú ilé.

Àlàfo mítà 5 kò nílò gbogbo ìyẹn. Igi tú-báì-síìsì, íǹṣì méjì sí mẹ́fà, tí káfíńtà ìlú wa ń kàn lójoojúmọ́ tó o, ká so méjì pọ̀ lórí òpó àárín, òpó kúkurú níta, òpó gíga nínú, ó parí. Èyí tó tún dùn mọ́ mi jù ni pé a lè kọ́ ọ lápákan-lápákan. Bí owó ọdún yìí bá gbé apá ìlà oòrùn dúró, ẹ jẹ́ ká kan òrùlé rẹ̀ tán pátápátá ká sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Bí owó bá tún wọlé, a kọ́ apá kejì. Bí kò bá wọlé fún ọdún mẹ́ta, ilé tá a ti kọ́ ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa pè é ní ilé àpatì.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á béèrè pé bí òjò bá dé ńkọ́. Ó tọ́ kó béèrè, torí ọdún iṣu tuntun kì í dúró de ọ̀gbẹlẹ̀. Ní Ògìdì tó múlé tì wá, oṣù Kẹfà ni wọ́n ń ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n àtìgbà wo ni ọ̀wínníwínní ti ń tú agbo ká? Bó bá sì wá di àrọ̀ọ̀rọ̀dá, láti àárín àgbàlá dé abẹ́ òrùlé kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ. Fún ẹni tí àyà rẹ̀ ṣì ń já, ẹ jẹ́ ká fi ìkọ́ irin sí orí àwọn òpó inú, ká ra tápólì kan tó nípọn, ká ta á nígbà tó bá pọn dandan, ká sì tú u kalẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ìlú òyìnbó gan-an ti san owó kí wọ́n lè rí irú rẹ̀. Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso, ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pritzker, ní 2022, èyí tí àwọn ayàwòrán ilé kà sí ẹ̀bùn tó ga jù lọ. Ní 2017, ilé ìṣàfihàn Serpentine ní Lọ́ńdọ̀nù, tó máa ń kọ́ àtíbàbà tuntun lọ́dọọdún, ní kó wá kọ́ ti ọdún yẹn. Igi tí àwọn ará Gando máa ń pàdé lábẹ́ rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Òrùlé fẹ̀ yí ká, àárín ṣí sójú ọ̀run, bí òjò bá rọ̀, omi á rọ́ wálẹ̀ sí àárín náà, àwọn ènìyàn á dúró yí i ká máa wò ó. Ọmọ abúlé tó gbóná tó sì gbẹ ju tiwa lọ ni o.

Tiwa kò ní da omi sí àárín ṣá. Èmi fẹ́ kí òrùlé ga nínú kó sì rẹlẹ̀ níta, mítà 5 ní etí àgbàlá, mítà 2.7 ní etí ìta. Ìdagẹ̀rẹ̀ yẹn sún mọ́ dígírì 25, omi ò ní dúró lórí rẹ̀, ooru á gba òkè jáde, eégún tó bá gbé ẹrù gíga lórí á sì rí ọ̀nà wọlé láì tẹrí ba. Gbogbo òjò á ṣàn síta sínú gọ́tà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: mílímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà omi kan. Páànù wa á tó mítà onígun mẹ́rin 300. Òjò kan tó bá rọ tó mílímítà 30, èyí tí kò ṣọ̀wọ́n rárá lọ́dọ̀ wa, á fún wa ní lítà 9,000. Díẹ̀ ló kù kí táǹkì oníke méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gba lítà 5,000, kún. Omi ìgbọ̀nsẹ̀, omi ìfọwọ́ àti omi ìfabọ́ dé nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ kànga oníẹ̀rọ.

Òjò kò bà mí lẹ́rù tó ìjì. Níhìn-ín ni mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin bíríkìlà inú ìgbìmọ̀ fetí sí mi dáadáa. Àtíbàbà tí kò ní ògiri máa ń gba atẹ́gùn sábẹ́. Atẹ́gùn abẹ́ á máa ti páànù sókè, èyí tó ń sáré kọjá lórí á máa fà á, àwọn méjèèjì á sì jọ pàdé lórí ìṣó káfíńtà. Bí ẹ bá rí òrùlé ilé ìwé tí ìjì gbé lọ sínú oko, ẹ lọ wo orí ògiri tó kù. Ìṣó ni wọ́n fi so igi mọ́ búlọ́ọ̀kù, nígbà míì ìṣó náà kò wọlé tó íǹṣì méjì. Mò ń bẹ̀ yín, kí irin rọ́ọ̀dù inú òpó kọ̀ọ̀kan má parí síbi tí kọnkéré parí. Kó yọ sókè tó fíìtì kan àbọ̀, ká tẹ̀ ẹ́ gba orí igi, ká fi bóòtù àti wọ́ṣà dì í mú. Kí ráftà kọ̀ọ̀kan, igi tó dà gẹ̀rẹ̀ lábẹ́ páànù, ní ọ̀já irin tó dè é mọ́ igi tó jókòó lé. Kí ìṣó páànù sún mọ́ra gan-an ní etí òrùlé àti ní igun, torí etí ni ìjì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Kí ẹsẹ̀ òpó jinlẹ̀, kó sì wúwo. Iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́jọ́ ìjì ni pé kó di òrùlé mú sílẹ̀. Bí kọngílá bá sọ fún yín pé gbogbo èyí jẹ́ àṣejù, ẹ bi í pé ta ló máa tún òrùlé náà kàn bí ó bá ṣí, kí ẹ sì jẹ́ kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé.

Ibi tí ilé kọjú sí tún ṣe pàtàkì, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Ìjì àkọ́rọ̀ wa láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, àti èyí tó máa ń padà wá nígbà tí òjò bá ń kógbá sílé ní oṣù Kẹwàá, láti ìlà oòrùn ló sábà máa ń wá. Ibẹ̀ ni awọsánmà ti ń ṣú, atẹ́gùn á kọ́kọ́ gbá eruku dé kí òjò tó tẹ̀ lé e. Apá ìlà oòrùn nìkan ni mo fẹ́ kí a mọ ògiri sí látilẹ̀ dókè. Ilé ìkẹ́rù, yàrá ìmúra àwọn oníjó àti ibi tí bátìrì sólà máa wà, kí gbogbo wọn tò síbẹ̀, kí wọ́n máa gba ìjì fún àwa tó kù. Ìhà àríwá àti gúúsù ni kó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ní ìwọ̀ oòrùn, kí etí òrùlé tún wálẹ̀ díẹ̀ sí i, torí láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà tí agbo ń gbóná jù ni oòrùn máa ń ti ibẹ̀ yọjú wọlé. Lábẹ́ òrùlé ìwọ̀ oòrùn yìí náà ni kí Ọba àti àwọn ìjòyè jókòó sí, kí oòrùn wà lẹ́yìn wọn. Mo ti rí i níbi ọdún kan tí kábíyèsí fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bojú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn ọ̀dọ́ rò pé inú ń bí i.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má gé igi ọdán tó wà lórí ilẹ̀ náà. Ìwé àwòrán fi àmì pupa sí i pé kí wọ́n wú u. Kí ilé sún sẹ́yìn fún un ni. Àtíbàbà tí ìlú ti ní láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, kò sì gba páànù.

Ariwo òjò lórí páànù, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Bó bá ti ń rọ̀ lé e lórí, olórin kan kò ní gbọ́ èkejì. Ẹ ra aluminíọ̀mù tó nípọn tó mílímítà 0.55, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń wọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ káfíńtà kò yẹ ilé ìlú. Lẹ́yìn náà, ká fi ọparun tí wọ́n là tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ká fi àlàfo sáàárín rẹ̀ àti páànù. Ọparun á gba ariwo, á tún gba ooru. Kẹ́ ẹ gé e ní ọ̀gbẹlẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ fi oògùn kòkòrò kùn ún kó tó gòkè, torí kòkòrò tó ń jẹ igi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ní ti igi òrùlé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta arère fún yín pé ó rọrùn láti gbẹ́. Arère wúlò fún nǹkan mìíràn; ikán á jẹ ẹ́ níbí. Bí apá, ìrókò tàbí tíìkì bá wọ́n jù, ẹ jẹ́ ká lo wọ́n síbi tí igi bá ti kan ògiri àti òpó nìkan. Àyin tún wà nínú igbó wa, ó le, ikán kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i bá jà.

Mo fẹ́ dá ilẹ̀ agbo sọ, torí àwòrán yín fi táìsì sí i. Táìsì! Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ lásán jó lórí táìsì tó lómi á ṣubú, èyí tó bá gbẹ nínú oòrùn ọ̀sán á jó o lẹ́sẹ̀. Kọnkéré kì í yọ̀, ṣùgbọ́n orúnkún àwọn àgbà kò fẹ́ ẹ. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n lù dáadáa ló tọ́ sí agbo. Àwọn ìyá wa àgbà mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ èèpo èso igi irú sómi, tí wọ́n á fi omi rẹ̀ wọ́n ilẹ̀ tí wọ́n bá lù kó lè le kó sì dán. Kí àárín agbo yọ sókè díẹ̀ kí omi lè ṣàn lọ sétí. Bó bá hó, a tún un lù; kò gba bíríkìlà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọwọ́ obìnrin wà nínú ilé yìí láti ìpìlẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n á lu ilẹ̀ agbo nìyẹn, pẹ̀lú orin rẹ̀.

Nípa ògiri díẹ̀ tá a ní, bíríkì ilẹ̀ pupa tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ kò ju ìdá 5 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, á dúró ṣinṣin bí òrùlé bá yọ jáde bò ó dáadáa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kúrò nínú omi. Demas Nwoko, ayàwòrán ilé, ọmọ Idumuje-Ugboko ní Ìpínlẹ̀ Delta, tó kọ́ ilé ìjọsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn, ti pẹ́ nídìí ilẹ̀ pupa tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì pò. Níbi ìṣàfihàn ilé kíkọ́ àgbáyé ní Venice, ní Ítálì, ní 2023, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ ìgbésí ayé rẹ̀. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Kéré kọ́ sí Gando náà, tó parí ní 2001, bíríkì amọ̀ ni. Àwọn ọmọdé bá wọn ru òkúta ìpìlẹ̀, àwọn obìnrin pọn omi. Òpó ni kí ẹ fi sìmẹ́ǹtì gidi sí: ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan, yẹ̀pẹ̀ méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin, kí ẹ sì máa bomi rin ín fún ọjọ́ méje, ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú.

Fún ẹwà, ẹ jọ̀wọ́, a kò nílò àwọn kìnnìún sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń tà létí títì. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí tẹ́lẹ̀. Sìmẹ́ǹtì yìí kan náà ló fi ṣe ọnà tó wà nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, igbó tí àjọ UNESCO kọ mọ́ ohun ajogúnbá àgbáyé ní 2005. Ẹ fún bíríkìlà wa ní àyè kó ṣe búlọ́ọ̀kù tó lọ́nà sí ògiri ìlà oòrùn, ìlà inú aṣọ ìpò àwọn ará Bùnú ni kó wò ṣe é. Aṣọ pupa yẹn, tí wọ́n fi ń sin ẹni ńlá tí eégún sì ń wọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà ní Àbújá kò rí i rí. Ògìdì sì wà nítòsí, níbi tí Nike Okundaye, oníṣẹ́ ọnà àdìrẹ, ti wá, níbi tí ó dá ilé iṣẹ́ ọnà sí. Àwọn ahunṣọ wà níbẹ̀ tá a lè bi léèrè. Orúkọ àwọn tó dáwó ńkọ́? Kí gbogbo rẹ̀ wà lórí pákó kan, kí lẹ́tà má tóbi ju ara wọn lọ, àti ẹni tó fi mílíọ̀nù sílẹ̀ àti ẹni tó gbé yẹ̀pẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan wá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n máa bá mi jà lé lórí jù.

Ìlú wa ní ṣọ́ọ̀ṣì púpọ̀, ó ní mọ́ṣáláṣí, ó sì ní eégún. Ilé tó bá ti ẹnìkan nínú wọn síta kì í ṣe ti ìlú. Bí yàrá ìmúra bá wà ní ìlà oòrùn, kó ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó jáde sí ọ̀nà igbó, kí eégún lè wọlé kó sì jáde láì gba àárín àwọn tó ń jẹun, kí ẹni tí kò fẹ́ rí i lè jókòó sí òdìkejì. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì á lo yàrá yẹn kan náà lọ́jọ́ tiwọn. Ẹ sì wá àyè fún ìdáná. Kò sí ilé ìdáná nínú àwòrán náà rárá, bíi pé iyán máa ń já bọ́ látọ̀run ni! Kó wà níta, kó jìnnà díẹ̀, kó ní òrùlé tirẹ̀, kí omi táǹkì dé ibẹ̀, kí àyè odó fẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ti ọkùnrin lọ. Kí ibi tí kẹ̀kẹ́ arọ àti ọ̀pá àgbà máa gbà gòkè dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀: bí ilẹ̀ bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, kí ọ̀nà náà gùn tó mítà 3.6.

Lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ẹbí tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, kí sọ̀fíyọ̀ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì gba ìwé àṣẹ ìbílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìyàrá gẹ́gẹ́ bí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ṣe sọ. Ọmọ ọmọ wọn kò sí níbi tí ẹ ti ń pín obì. Owó àtúnṣe náà, kí ẹ dá a sọ́tọ̀ látìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni bá háyà ibẹ̀, kó má bọ́ sínú àpò tí ẹ fi ń ra ẹ̀bùn fún àlejò pàtàkì.

Ohun tí mò ń tọrọ kò pọ̀. Kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ fún mi ní ọjọ́ Sátidé kan. Mo máa mú okùn, èèkàn àti àwòrán tèmi wá, mi ò ní gba kọ́bọ̀. A ó fi eérú fa ìlà sórí ilẹ̀ náà, mítà 10 nínú, mítà 20 níta. Ẹ bá mi pe àwọn onílù, àwọn tó ń lé orin, àti ìyá kan tó mọ ibi tí èéfín máa ń fẹ́ sí. Kí wọ́n lu ìlù, kí wọ́n jó o wò. Bí agbo bá kéré, a ó fa èèkàn sẹ́yìn. Bó bá pọ̀ jù, a ó tì í wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí bíríkìlà wá máa wọn nǹkan. Bí ọjọ́ kẹta sí Sátidé náà ni kí ẹ ti fi tó mi létí, nítorí òrùlé kan wà lọ́wọ́ mi níbí tí mo gbọ́dọ̀ bò kí òjò tó wọlé.

Èmi ni,
ọmọ yín, káfíńtà òrùlé,
Lọ́kọ́ja.